Ẹja Láwàlì, Àmù Ìyá Kùdí

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù kẹrin 1985

Kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́, Tíṣà Péjú. Má bá mi tún un ṣe. Ìwọ lo sọ pé láti yàrá iwájú tí o háyà lọ́wọ́ mi ni o ti ń gbọ́ bí mo ṣe ń bá ògiri sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí Ìyá Kùdí, ìyàwó mi, ti kú. O ní kàkà kí ògiri máa gbọ́ ọ, kí ìwé máa gbọ́ ọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n owó ilé rẹ kò ní í torí èyí dínkù o.

Òjò rọ̀ lánàá. Gbogbo kòtò orí àpáta tó wà lẹ́yìnkùlé wa ti kún. Ẹ̀fọn ò ní í pẹ́ dé.

Láàárọ̀ yìí, ọkùnrin kan gbé korobá méjì wọ àdúgbò wa, ó fi aṣọ bo orí wọn. Herbert Ọlálẹ́yẹ lorúkọ rẹ̀, ọ́fíìsì ìlera ló ti wá. Ó kó wa jọ sábẹ́ igi ọdán, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, oògùn tí à ń fín sí ẹ̀fọn ti mọ́ ọn lára. Èyí tí oògùn lè pa ti kú tán. Èyí tí kò lè pa ló kù tó ń bímọ, agídí ìyá wọn làwọn ọmọ sì jogún. Ẹja la fẹ́ fi bá wọn jà báyìí."

Ó ṣí korobá. Ẹja tó wà níbẹ̀ kò ju èékánná lọ. Ó ní tanwíjí ni oúnjẹ wọn, pé ẹja kan á máa jẹ tanwíjí láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò ní í yó, tanwíjí tí ẹja bá sì ti jẹ kò lè di ẹ̀fọn mọ́ láéláé.

Ìyá kan bi í bóyá èèyàn lè dín in. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí Láwàlì la ẹnu. Ògiri kan ṣoṣo ló pín ilé wa, ọdún kan náà la kọ́ ọ, aṣọ ló ń tà ní Ṣàpọ́n. Ó wò mí, ó ní, "Mọ́nsúrù, ṣé o gbọ́? Wọ́n ní oògùn rẹ lẹ̀fọn fi ń mu ẹ̀kọ."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ṣéhù, ló rín in jù. Èmi tí mo gbé pọ́ǹpù oògùn sẹ́yìn tẹ̀ lé àwọn wolé-wolé títí irun mi fi funfun. Àpá okùn pọ́ǹpù náà ṣì wà ní èjìká mi. Nígbà náà, bí mo bá yọ ní ìkóríta, àwọn obìnrin wọ̀nyí a máa kúnlẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù kẹrin

Mo lọ bá Herbert fúnra mi. Mo ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ni, ilé mi ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbà. Lánàá ó da ẹja korobá kan sínú táńkì sìmẹ́ńtì mi lẹ́yìnkùlé, ó ní ibi tí wọ́n bá ti bímọ dáadáa ni òun ó ti máa bù fún gbogbo àdúgbò. Mo gun òkúta kí n lè yọjú sí Láwàlì lókè ògiri. Mo ní, "O ò wá wo ẹja?"

Láàárọ̀ yìí, gbogbo ẹja náà ti léfòó, wọ́n da ikùn sókè. Tanwíjí ń jó láàrin wọn.

Herbert bu omi náà, ó gbóòórùn rẹ̀. "Bàbá, kí lẹ máa ń fọ̀ nínú táńkì yìí?"

Pọ́ǹpù ni. Ibẹ̀ ni mo ti ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, torí Ìyá Kùdí ní òun ò fẹ́ ẹ nítòsí ìkòkò òun. Herbert ní oògùn náà ti wọ inú sìmẹ́ńtì, pé kò ní í jáde bọ̀rọ̀. Ó pa ẹja, kò pa tanwíjí. Iṣẹ́ ayé mi nìyẹn, Tíṣà. Kọ ọ́.

Inú táńkì Láwàlì ni wọ́n da korobá kejì sí.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù kẹrin

Ẹja Láwàlì kò kú.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù karùn-ún

Wọ́n ti ń bímọ. Irú ẹja yìí kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí. Láwàlì ń sọ ọ́ kiri bí ẹni pé òun ló gbẹ̀bí wọn. Bàbá Ẹlẹ́ja ni wọ́n ń pè é báyìí. Láti Ìtòkú lọ́hùn-ún làwọn èèyàn ti ń gbé ike wá, òun á yí apá agbádá rẹ̀ sókè, á bu ẹja fún wọn, á máa ṣàlàyé bíi dókítà: "Ẹ má da oògùn sí i o. Ẹ má da karosíìnì sí i. Àwọn tó ń da karosíìnì sómi láyé ọjọ́sí, àìmọ̀kan ló ń ṣe wọ́n." Ohùn rẹ̀ máa ń ga sí i níbẹ̀ yẹn, kí n lè gbọ́.

Lónìí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí táńkì, ó ń wo wọn. Ìyàwó rẹ̀ pariwo láti ìdí ààrò:

"Bàbá Ṣéhù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ ó ṣubú!"

Mo dúró lẹ́yìn ògiri. Kò sí ẹni tó ń sọ fún mi mọ́ pé n ó ṣubú.

Gàrí tún ti gbówó lórí. Karosíìnì kò sí rárá.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù karùn-ún

Kùdírátù ọmọ mi dé láti Papalanto. Bándélé ọkọ rẹ̀ ló mú un wá, kò lè dúró, iṣẹ́ ń dúró dè é. Oyún náà ti yọ dáadáa, oṣù kẹjọ là ń retí. Ilé yìí ló fẹ́ bí i sí, bíi ti àkọ́kọ́.

Ti àkọ́kọ́, ibí náà ló kú sí. Ibà ni. Ó ń gbóná lọ́wọ́ mi bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná. Kí ọdún yẹn tó yí po, ìyá-ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. N kò sunkún. Ẹkún mi ti tán kó tó kan ìyẹn. Kùdírátù nìkan ni Ọlọ́run ṣẹ́ kù fún mi.

Mo fi í sí yàrá ìyá rẹ̀. Ó mú ahá, ó fẹ́ bu omi mu nínú àmù tó wà ní kọ̀rọ̀.

"Fi í sílẹ̀," mo wí.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí, Bàbá."

"Lọ pọn ọ̀tọ̀."

Ó wo ojú mi, ó gbé ahá náà sílẹ̀. Omi tí ìyá rẹ̀ pọn gbẹ̀yìn ló wà níbẹ̀. Bó bá ti ń fà, mo máa ń bu tuntun lé e kí tirẹ̀ má baà tán. Ìdérí àmù náà fọ́ lọ́jọ́ tí a sin ín, ẹsẹ̀ èrò ló fọ́ ọ, n kò sì wá òmíràn. Tíṣà, má wò mí bẹ́ẹ̀. Máa kọ̀wé rẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù karùn-ún

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fọn kì í gbààwẹ̀.

Mo da oògùn tó kù nídìí agolo sínú pọ́ǹpù, mo fín yàrá Kùdírátù. Wọ́n já bọ́ sílẹ̀ pìtìpìtì. Mo dúró tì wọ́n, inú mi dùn. Kò pẹ́ sí i, wọ́n gbọn ara nù bí adìyẹ tó yí nínú yẹ̀pẹ̀, wọ́n fò lọ. Kùdírátù ló kù tó ń húkọ́.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Ibà mú un. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fún un ní oògùn kíkorò yẹn. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ inú rẹ̀ ṣì ń yí, ṣùgbọ́n bí ibà bá tún mú un, òun ò lè ṣèlérí fún wa. Ó ní, "Bàbá, ẹ mú un kúrò níbi tí ẹ̀fọn wà."

Ìyá Ṣéhù ti gbọ́ kí a tó délé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Bàbá Kùdí, ẹ kú wàhálà. Ẹ jẹ́ kó máa sùn lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀fọn ò sí nílé wa mọ́."

Mo ní, "N ò tíì lé ọmọ mi jáde nílé."

"Ta ló ní ẹ lé e? Ṣebí ògiri kan ṣá ni."

Kùdírátù ká ẹní rẹ̀.

Láwàlì ní ìyàwó. Ó ní ẹja. Ó wá ní ọmọ mi.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹfà

Láwàlì gbé abọ́ kan wá, ẹja wà nínú rẹ̀. N kò ní kó jókòó, ó jókòó.

"Mọ́nsúrù, Kùdírátù ní àmù kan wà ní yàrá ìyá rẹ̀ tí kò ní ìdérí. Inú rẹ̀ lẹ̀fọn rẹ ti ń wá. Jẹ́ kí n da ìwọ̀nba yìí sí i. Kò ní í ba omi jẹ́."

"Dìde."

"Tanwíjí ni mo ní kí wọ́n jẹ, n ò ní kí wọ́n jẹ omi Ìyá Kùdí."

"Má fẹnu rẹ pe orúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ wà láàyè, ẹja rẹ wà láàyè, ọmọ mi ń sùn lọ́dọ̀ rẹ. Kí lo tún fẹ́ fọwọ́ kàn?"

Ó gbé abọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ó yíjú padà, ó ní, "Orí kunkun yìí náà lo fi ń fín ẹ̀fọn." Ó dára. Bó bá jẹ́ èmi ni, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sọ fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹfà

Mo yọjú wo inú àmù náà lójú ọ̀sán. Òótọ́ ni. Wọ́n pọ̀ bí ọkà bàbà, wọ́n ń ju ìrù sókè sódò.

Èmi tí mo ń bá wolé-wolé tú ìkòkò onílé, tí mo ń bu tanwíjí wọn sínú ìgò lọ sí kóòtù. Ilé mi rèé. N kò lè dà á nù. Mo wá karosíìnì tó kù nínú fìtílà, mo mú un dúró lórí àmù náà. Mo rántí pé Ìyá Kùdí kì í jẹ́ kí n fi ọwọ́ karosíìnì kan oúnjẹ òun. Mo gbé e padà.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹfà

Ìtúnu ààwẹ̀. Láti ilé Láwàlì ni Kùdírátù ti gbé oúnjẹ wá fún mi, bí ẹni tó ń gbé e fún àlejò. Àárọ̀ nìkan ló máa ń wá, á gbálẹ̀ yàrá ìyá rẹ̀, á padà. Ẹran náà dùn. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù keje

Òjò ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ti dínkù nílé mi. Mo sùn láìfi aṣọ borí. Mo ti sọ fún wọn pé fínfín tí mo fín níjọ́sí, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ṣiṣẹ́. Mo lọ sọ ọ́ ko Láwàlì lójú. Ó ní, "Bóyá wọ́n ṣí kúrò nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni." Kùdírátù wà níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù keje

Kọ gbogbo rẹ̀, Tíṣà. O wà níbẹ̀, bí mo bá yọ nǹkan kan sílẹ̀, bi mí.

Sátidé ìmọ́tótó ni. Ìjọba ní kí olúkúlùkù jókòó sílé, kó gbálẹ̀, kó kó gọ́tà. Gbogbo ilé ló ti ní ẹja nísinsìnyí, nínú àmù, nínú dúrọ́ọ̀mù, nínú kànga. Herbert ní òun ó lo ọjọ́ náà láti yẹ wọ́n wò, torí gbogbo èèyàn á wà nílé. Ó fún Láwàlì ní fìlà funfun kan tí wọ́n ya ẹja sí níwájú, pé Láwàlì ni yóò mú òun yíká. Láwàlì ti dé e lọ sí Ṣàpọ́n lánàá. Ó dé e lọ sí ìrun Jímọ̀.

N kò lè fara dà á. Mo ṣí àpótí. Kákí mi wà níbẹ̀, Ìyá Kùdí ló ká a síbẹ̀, ó fi káńfọ̀ sí i. Mo wọ̀ ọ́, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn. Òfìfo ni o. N kò fẹ́ ju kí n rìn níwájú Láwàlì, kí Herbert rí i pé ẹnìkan ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí ẹja tó dé.

Mo yọ ní ìkóríta, Herbert àti Láwàlì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá arúgbó kan ń fọ ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

"Wolé-wolé! Wolé-wolé ti dé o!"

Igbe náà fò láti ilé dé ilé. Kí n tó gbẹ́sẹ̀, mo ń gbọ́ ṣàà, ṣàà, ṣàà. Àmù, garawa, dúrọ́ọ̀mù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dojú rẹ̀ délẹ̀. Ohun tí a kọ́ wọn náà ni. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi kọ́ wọn pé omi tí wolé-wolé bá bá nílẹ̀, kóòtù ló máa gbé onílé lọ. Ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n ju orí wọn lọ. Ta ló ń rántí ẹja nígbà tí kákí bá yọ?

Herbert ń sáré káàkiri, ó ń kígbe pé, "Ẹ má dà á nù! Ẹ̀yin ìyá, ẹja wà nínú rẹ̀!" Ṣòkòtò kákí ló wà nídìí òun náà. Bó ṣe ń kígbe ni wọ́n ń yára sí i.

Ìyá Ṣéhù ti jókòó ní kóòtù rí nítorí tanwíjí, nígbà tí ó ń tọ́ Ṣéhù lọ́wọ́. Ó sáré sí ìdí táńkì, ó fa àkísà tí wọ́n fi dí i yọ. Omi tú dà sínú àgbàlá, ẹja ń ta lórí ilẹ̀ bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná. Pẹ́pẹ́yẹ sáré dé. Láwàlì wólẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ṣí fìlà náà, ó ń fi gbá ẹja jọ. Omi kò dúró nínú fìlà.

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú mi. "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, kò sí tanwíjí nílé wa." Ìgbà tó gbójú sókè ló tó mọ̀ pé èmi ni.

O ń bi mí bóyá kí o kọ ohun tó kàn, Tíṣà. Kọ ọ́. Ó dùn mọ́ mi. Bí èèyàn ṣe ń mí ẹ̀ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe pẹ́ tó, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí Kùdírátù lẹ́nu ọ̀nà Láwàlì. Ó fi ọwọ́ di ikùn rẹ̀ mú, ó ń wo táńkì tó ti ṣófo.

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù keje

Herbert wá. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ó ní adágún tí ọ́fíìsì wọn ti ń kó ẹja ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá, pé táńkì Láwàlì ni ìyá gbogbo ẹja tó kù lápá ibí. Àwọn tí kò da kànga wọn nù ńkọ́? Ó ní wọ́n ti da Ízà, oògùn apakòkòrò, sí i kí wolé-wolé má baà gbóòórùn.

Láwàlì jókòó ti táńkì òfìfo, kò dé fìlà. Mo wá ayọ̀ àná nínú ara mi, n kò rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù kẹjọ

Ẹ̀fọn ti padà sí àdúgbò. Òjò ti kún gbogbo ohun tí wọ́n dà nù.

Kùdírátù wọlé láàárọ̀, apá rẹ̀ wú látòkè délẹ̀. "Bàbá, mo fẹ́ padà wá sùn níbí."

"Ṣé ilé Bàbá Ẹlẹ́ja ti sú ọ?"

"Ibí nìkan ni kò sí ẹ̀fọn."

"Mo ti sọ fún gbogbo yín. Pọ́ǹpù ni."

"Kì í ṣe pọ́ǹpù, Bàbá. Ẹ wá."

Ó mú mi lọ́wọ́ wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú àmù. Ẹja. Ńlá, kékeré, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé bí òwú ìránṣọ. Wọ́n sá fún iná tọ́ọ̀ṣì, wọ́n tún padà wá. Tanwíjí kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan àmù yìí?"

"Èmi ni. Mo bù wọ́n nínú táńkì Bàbá Ṣéhù, mo dà wọ́n sí i nígbà tí ẹ lọ kírun. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò da omi kankan nù, Bàbá. Omi Màmá ṣì wà níbẹ̀."

Mo gbé ọwọ́ sókè. N kò na ọmọ yẹn rí. N kò nà án.

Ó ní àmù kò gbà wọ́n mọ́, pé wọ́n ti ń jẹ ọmọ ara wọn. Kí n jẹ́ kí a bù wọ́n padà sínú táńkì Láwàlì, kí àdúgbò tún rí ẹja, kí ẹ̀fọn lè rọlẹ̀ kí òun tó bímọ. Mo ní bí a bá bu ẹja, omi á bá a lọ. Mo ní kó jáde.

Ó ní, "Ẹ̀fọn ò mọ ògiri, Bàbá." Ó jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù kẹjọ

N kò jẹun. Mo jókòó ti àmù. Mo rò ó pé bí n kò bá fún ẹnikẹ́ni, èmi nìkan ni n ó ní ẹja ní gbogbo àdúgbò yìí. Láwàlì á máa wá tọrọ kó wò wọ́n. Mo rò ó, ó dùn. Mo tún rò ó pé inú kòtò tó wà nílé Láwàlì ni ẹ̀fọn tó jẹ apá ọmọ mi ti wá.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, kò sí àlejò tó wọ ilé wa tí kò bu omi fún láti inú àmù yìí. Láwàlì náà mu ún. Ó máa ń mu méjì.

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kẹjọ

Mo gun òkúta níbi ògiri.

"Láwàlì!"

"Kí ni? O tún fẹ́ wá yẹ tanwíjí wò?"

"Mo ní ẹja."

"Ẹja wo?"

"Ẹja. Àmù kún fún wọn."

"Mọ́nsúrù, bó bá ṣe pé o fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́..."

"Bẹ̀ mí."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Bẹ̀ mí. Nígbà tó o dé fìlà, ṣé o bẹ̀ mí?"

Ó wo táńkì rẹ̀. "Mo bẹ̀ ọ́."

"N kò gbọ́."

Ìyá Ṣéhù ló pariwo láti inú ilé: "Bàbá Kùdí, gbogbo wa la bẹ̀ yín! Àbí kí a lọ pe lèmọ́mù ni?"

Mo yíjú kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu mi.

Wọ́n ti fọ táńkì náà mọ́, omi òjò ló wà nínú rẹ̀. N kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan àmù. Ahá Ìyá Kùdí ni mo fi bù wọ́n, ní ẹ̀sọ̀, mo ń gbé abọ́ kọjá sókè ògiri, Láwàlì ń gbà á. Kò ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí abọ́ àkọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀, ó dúró, ó wo omi náà, ó ní, "Omi rẹ̀ nìyí?"

Mo ní òun ni.

Ó rọra dà á, bí ẹni tó ń da omi sára ọmọ ọwọ́.

Omi Ìyá Kùdí wà nínú táńkì Láwàlì. Bó o bá bi mí bóyá kò dùn mí, Tíṣà, irọ́ ni n ó pa. Ṣùgbọ́n mo dá ìdajì dúró, àti ẹja tó pọ̀ díẹ̀ ju tirẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Kùdírátù gbé ẹní rẹ̀ padà wálé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù kẹjọ

Obìnrin ni. Ara òun àti ìyá rẹ̀ le. Kò gbóná. Mo fọwọ́ kàn án léraléra títí nọ́ọ̀sì fi lé mi jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 oṣù kẹjọ

A sọ ọmọ lórúkọ, Adérónkẹ́. Orin ológun ni rédíò ń kọ láti òwúrọ̀, wọ́n ní ìjọba ti yí padà. Bándélé fẹ́ gbọ́, mo ní kó pa á. Ẹran Iléyá ṣì wà, a fi bọ́ àlejò.

Herbert wá, Láwàlì sì tún dé fìlà rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn ará Papalanto pé, "Ẹja mi ló gba ọmọ yìí là." Mo dìde láàrin èrò, mo ní, "Ẹja àmù Ìyá Kùdí ni." Ó ní, "Nínú táńkì ta ni ó ti kọ́kọ́ wá?" Mo ní, "Ta ló fa àkísà?" Ìyá Ṣéhù ní bí a kò bá panu mọ́, òun ó da omi lé àwa méjèèjì lórí, àti ẹja àti tanwíjí. Lèmọ́mù rẹ́rìn-ín títí tésùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ta pọ́ǹpù náà fún alágbẹ̀dẹ. Ó ní idẹ rẹ̀ dáa.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹsàn-án

Òjò dá. Àwọn èèyàn ń wá gba ẹja ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ògiri. Mo ka àwọn tó wá sí tèmi, mo sì mọ̀ pé òun náà ń ka tirẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ yìí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu àmù, mo ń wá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Kùdírátù wà lórí ibùsùn ìyá rẹ̀, ó ń fún ọmọ lọ́mú.

"Bàbá," ó ní, "ẹ má bẹ̀rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ ó ṣubú."

Mo ní kí ló kàn án níbẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí i díẹ̀, kó lè tún un sọ.